Eruku Okùn Nínú Ẹ̀jẹ̀ Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ iwájú, kí n má baà máa pariwo. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro, kí ó nà án. Ẹni tí ebi bá ń pa, kí ó lọ jẹun kí ó tó padà wá, nítorí n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni Ọdẹ́fúnkẹ́, ọmọ Ògúntádé. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni bàbá mi bí, Ọdẹ́níran ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí kò sì rí ọkùnrin kejì, ó gbé ìbọn kejì lé èmi lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi dọdẹ. Ẹkùn mẹ́ta ló kú sí mi lọ́wọ́, ẹfọ̀n méje, àwọn tó kéré sí wọn, n kò kà wọ́n. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kí ó lọ wo awọ wọn lára ògiri mi. Ìwé díẹ̀ tí mo mọ̀, èmi ni mo kọ́ ara mi. Ọ̀rọ̀ dídùn ni n kò kọ́, n kò sì fẹ́ kọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ dídùn ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ń ṣe Ọdẹ́níran. Gbogbo ilé ló mọ̀, nítorí ibi tí ó bá tọ̀ sí, èèrà á ti ṣù bò ó kí oòrùn tó mú. Omi tí ó ń mu lójúmọ́ tó èyí tí ẹṣin ń mu. Ṣùgbọ́n alágbára ni, ta ni yóò wo alágbára kí ó ka èèrà sí àrùn? Ní ọdún kan tí àwa ọdẹ ń bọ Ògún, a jókòó yí iná ká, ẹ̀gbọ́n mi dìde láti bu ẹran. Ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹ̀yinná pupa. Kò yẹ̀. Ó dúró lé e, ó ń bu ẹran, ó ń bá wa ṣàwàdà. Àwa tí a jókòó la kọ́kọ́ gbóòórùn awọ tó ń jó.

Kí la ṣe? A fò sókè, a bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá fún un. A pè é ní Atẹnábíẹnitẹkoríko. Bàbá Olú-ọdẹ tó jókòó níwájú mi yìí ló fún un lórúkọ náà. Ẹ má bojú wolẹ̀, bàbá. Èmi náà gbè é.

Láàárín wa, ẹni tí ẹ̀gún gún tí kò ké ni a ń pè ní ọdẹ. Bí a ṣe ń tọ́ ọmọ wa nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ẹsẹ̀ kan kú mọ́ ènìyàn láàyè, dípò kí a sunkún, a kí i kú akin. Ọgbẹ́ iná yẹn kò san. Ó jẹrà, ó ń gòkè, nígbà tó di oṣù kẹta a sin Ọdẹ́níran. Títí ó fi kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń dun òun. Kò sì dùn ún lóòótọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Àwẹ̀ró. Iṣẹ́ epo ló ń ṣe. Wọ́n á da ẹyìn sísè sínú kòtò ńlá, òun á sì wọ inú rẹ̀ lọ, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi yọ. Kò sí ẹni tó mọ epo tẹ̀ tó o ní gbogbo agbègbè yìí. Ọdún kejì ikú ẹ̀gbọ́n mi, mo yà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láàárọ̀, mo rí èèrà níbi tí ọmọ mi tọ̀ sí. Wọ́n ṣù, wọ́n dúdú, wọ́n ń gun ara wọn.

Mo já ẹ̀gún ọsàn kan, mo pè é jáde, mo ní kí ó na ẹsẹ̀. Mo gún un. Ó ké.

Ó ní, "Ìyá mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Mo ní, "Ó dùn ẹ́?"

"Ẹ fi ẹ̀gún gún mi, ẹ tún ń bi mí bó dùn mí. Ṣé kò sí ẹran nínú igbó mọ́ ni?"

Inú mi dùn, mo ń lọ sílé. Àfi bí mo ṣe rántí lójú ọ̀nà pé a ti gún Ọdẹ́níran báyìí náà, ní ọdún tó ṣáájú iná yẹn, tí ó ké, tí a sì fọkàn balẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kú. Ẹ̀gún mọ òní, kò mọ ọ̀la. Láti ọjọ́ náà n kò sùn dáadáa mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta mo yìnbọn lu ẹtu kan, ó sá, mo tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ̀jẹ̀ tó pupa fòò tó ń hó ìfófó, ẹ̀dọ̀fóró ni ọta bà, ẹran náà kò jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ tó dúdú, ẹ̀dọ̀ ni. Èyí tí koríko lílọ̀ bá wà nínú rẹ̀, ikùn ni, kí o múra ìrìn. Ọdẹ kì í rí inú ẹran kí ó tó mọ ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ ló ń já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé e jáde fún wa. Èyí tí mo rí lórí ewé lọ́jọ́ náà dúdú. Mo sọ ọ́ jáde pé, "Ẹ̀dọ̀ rẹ ni mo bà."

Mo yí ìdí ìrókò kan, mo bá ẹtu náà tó jókòó bí ènìyàn, ó ká ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì lé itan.

Ó ní, "O kò rí inú mi. Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀dọ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni."

Ó ní, "O lè ka ẹ̀jẹ̀ ẹtu, o kò lè ka ti ọmọ rẹ. Ẹ̀gún ọsàn lò ń gún kiri. Ọdẹ burúkú."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ jẹ́ kí ẹtu mọ̀. Mo ní, "Bí ìwọ bá mọ ẹni tó lè kà á, sọ ọ́ kí o tó kú, kí o yé bú mi."

Ó ní, "Arínú-Ẹ̀jẹ̀ ni. Kọjá Ìlú Ẹlẹ́nu-Oyin, kọjá Pápá Ẹ̀gún, ilé tó kẹ́yìn ni tirẹ̀. Kí ẹlẹ́jẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbé rìn jìnnà á ti gbàgbé ohun tó rí."

Bó ti sọ tán, ó dùbúlẹ̀, ó kú. N kò jẹ ẹran rẹ̀. Ẹran tó bá ti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kì í dùn lọ́bẹ̀.

Àwẹ̀ró ní òun kò lọ. Ó ní ẹyìn òun ti jinná, òun kò ní fi sílẹ̀ kí ó bàjẹ́ nítorí ẹtu tí ìyá òun bá jà. Mo mú un lọ sí ojú oórì ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó síbẹ̀. Ìgbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ọmọ mi lọ di ẹrù.

Bí a ṣe rìn kò ṣe pàtàkì. A rìn. Àwọn iwin kan dí wa lọ́nà, mo yìnbọn, wọ́n yà. Ọjọ́ tí a dé Ìlú Ẹlẹ́nu-Oyin ni kí n sọ fún yín.

Odò tó la ìlú náà kọjá, oyin ni. Àwọn ará ìlú jókòó sórí ẹní létí odò, olúkúlùkù fi aṣọ bo ara láti ìdí dé ilẹ̀, wọ́n ń bu oyin mu, wọ́n ń yin ara wọn. Bí wọ́n ti rí wa ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní èmi ni erin tí ń bá ìjì jà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró rí bí òpó idẹ tí a fi adé dé, pé ilẹ̀ ń dúpẹ́ bó bá tẹ̀ ẹ́. Ọba wọn, Adùnńgbọ́, fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oyin sínú igbá fún un. Ọmọ mi jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ láti àárọ̀, ó sì ti gbé igbá náà dé ètè.

Èmi ń gbóòórùn nǹkan kan. Mo ní, "Kábíyèsí, kí ló ń rùn?"

Ọba rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlejò, a kì í sọ ohun tí kò dùn ní ìlú yìí. Òdòdó ni."

Mo fi ẹnu ìbọn ká aṣọ rẹ̀ sókè.

Kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Egungun ni láti ọrùn ẹsẹ̀ wálẹ̀, èèrà ń wọlé, wọ́n ń jáde, bí ẹni ń nájà. Mo ká ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bákan náà ni. Ọba fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó tún un bò.

Ó ní, "Kò dùn wá. Ohun tí kò bá dunni, kò sí."

Mo gbá igbá oyin kúrò lẹ́nu Àwẹ̀ró, mo fà á lápá. Bí a ti ń sáré jáde, wọ́n ṣì ń yìn wá. Wọ́n ní wọn kò rí ẹni tó mọ eré sá bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹta Àwẹ̀ró ní, "Ìyá mi, òùngbẹ yẹn kò lọ." Mo ní mo mọ̀.

A dé Pápá Ẹ̀gún. Ilẹ̀ títẹ́jú ni, ẹ̀gún bò ó bí irun ṣe bo ajá, ọ̀nà mìíràn kò sí. Oníbodè ibẹ̀ ní ara ènìyàn, òòrẹ̀ ni láti ọrùn lọ sókè. Ó ní kí a bọ́ bàtà.

Ó ní, "Òfin mi kò gùn. Ẹni tó bá ké lórí ẹ̀gún, ara rẹ̀ le, kí ó padà sílé. Ẹni tí kò bá ké ni mo ń jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ Arínú-Ẹ̀jẹ̀."

Mo ní, "Ẹni tí kò ké ẹ̀gún mọ́, kí ló kù tí Arínú-Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ bá a ṣe?"

Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ṣòfin ni? Ẹ bọ́ bàtà."

Mo kọ́kọ́ kọjá. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbọ́ bí mo ṣe kọjá. Mo rìn lórí ẹ̀gún yẹn bí ìyàwó ṣe ń rìn lórí ẹní. N kò ké, n kò kérora, n kò yára, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọrin. Mo yíjú padà sí oníbodè, mo ní kí ó wo ọmọ Ògúntádé. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ìwọ kọjá," ó sì gbé ojú kúrò lára mi bí ẹni tó rí òkú lójú ọ̀nà. Mo rò pé ìlara ni.

Àwẹ̀ró gbé ìgbésẹ̀ kan, ó ké. Ó gbé èkejì, ó ké, ó bú oníbodè, ó bú ẹtu tó rán wa. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bí ohùn yẹn. Ṣùgbọ́n oníbodè na ọwọ́ dí i.

Ó ní, "Ara rẹ le. Padà."

Mo ké mọ́ ọn láti òdìkejì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ké lọ́dún kan, a sin ín lọ́dún kejì. Bí o bá dá a padà báyìí, ìgbà tí yóò tún dé ọ̀dọ̀ rẹ, kò ní lè ké."

Oníbodè họ ẹ̀gún orí rẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Ẹ dáhùn èyí. Okùn kan rọ̀ láti àjà, ìkòkò wà lẹ́nu rẹ̀. Eku kan ń jẹ okùn náà lókè, níbi tí ojú kò dé. Ìkòkò kò tíì já, ó rọ̀ bó ṣe rọ̀ lánàá. Onílé arọ ni, kò lè gun àjà. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ kí ìkòkò tó fọ́?"

Mo ní, "Yóò gbọ́ ohùn eku."

"Eku yìí kì í dún."

"Kí ó fa okùn náà wò."

"Ohun tí ẹ̀gún mi ń ṣe nìyẹn. Okùn á máa dá a lóhùn títí yóò fi ku fọ́nrán kan."

Àwẹ̀ró ń nu omijé, ẹsẹ̀ kan lókè bí adìyẹ. Ó ní, "Kí ó wo ilẹ̀. Okùn tí eku ń jẹ, eruku rẹ̀ á máa já bọ́. Ẹni tó bá ń gbálẹ̀ láràárọ̀ á rí i."

Oníbodè sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ ní ìbọn, ìwọ ní ọgbọ́n. Kọjá."

Arínú-Ẹ̀jẹ̀ kò kí wa kú ìrìn, kò ní kí a jókòó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Arúgbó obìnrin gíga ni, ojú rẹ̀ tóbi bí ọpọ́n ayò, kì í sì ṣẹ́ wọn. Ilẹ̀ ilé rẹ̀ funfun láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, bí ẹni da ẹfun sí i. Ó gba ọwọ́ Àwẹ̀ró, ó gún un níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí àwo funfun kan, ó tẹ̀ mọ́ ọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń mí.

Ó ní, "Àwọn iṣan tó ń gbé ìrora láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ, okùn ni wọ́n. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni eku. Bó ṣe ń jẹ wọ́n, eruku wọn ń já sínú ẹ̀jẹ̀. Eruku wà níbí. Kò pọ̀. Eku ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀gún gún un, ó ké. Mo fi etí ara mi gbọ́."

Ó ní, "Okùn ṣì gbé ìkòkò. Mi ò sọ pé ó ti já."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Kò dá mi lójú tán. Ogbó ní eruku tirẹ̀, kíndìnrín tó ń ṣàárẹ̀ náà máa ń mú un pọ̀ sí i. Nítorí náà, mo máa ń wo ju ẹ̀kán kan lọ, n ó sì tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé òun mọ gbogbo rẹ̀ nínú ẹ̀kán kan, ará Ìlú Ẹlẹ́nu-Oyin ni."

Àwẹ̀ró ní, "Ṣé yóò san?"

"Èyí tí eku ti jẹ, n kò lè dá a padà. Eku la lè dí lọ́nà. Oògùn lójoojúmọ́, oúnjẹ tí a wọ̀n, bàtà lẹ́sẹ̀, kí o yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ wò láràárọ̀. Kí ṣúgà náà wálẹ̀, kí ó má tún gòkè. Kí o sì jáde nínú kòtò epo."

"Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dákẹ́ lójijì, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

Ó ní, "Ìyá mi. Ẹsẹ̀ yín."

Mo yíjú padà. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí mo dúró, ojú ẹsẹ̀ pupa wà lórí ilẹ̀ funfun náà, ti ẹsẹ̀ òsì, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Mo gbé ẹsẹ̀ mi wò. Ẹ̀gún mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n wọlé tán, ìdí wọn nìkan ló kù níta. Èmi tí mo ti ń tọpa ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógójì, mo ti ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láti Pápá Ẹ̀gún, n kò bojú wẹ̀yìn. Inú igbó ni mo máa ń tọ̀ sí, n kò dúró wo èèrà rí.

Mo na ìka mi sí Arínú-Ẹ̀jẹ̀. Kò gbà á.

Ó ní, "N kò nílò abẹ́rẹ́ fún ìwọ. Èyí tó wà nílẹ̀ tó."

Ó fa ẹ̀gún náà yọ, ó fọ ojú ibẹ̀, ó dì í. Ó kọjú sí Àwẹ̀ró, ó ní òun ti darúgbó, òun ń wá ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà. Àwẹ̀ró ní òun yóò kọ́kọ́ sìn mí délé.

Mo ní, "Kí o tún gba orí ẹ̀gún yẹn lẹ́ẹ̀mejì sí i? Dúró síbí."

"Ta ni yóò máa wo ẹsẹ̀ yín?"

"Èmi náà lójú."

"Ẹ lójú tẹ́lẹ̀ náà, ìyá mi."

Mo lé e wọlé bí ẹni ń lé ewúrẹ́, mo kọjú sọ́nà. Bí mo bá sọ fún yín pé n kò sunkún, ará Ìlú Ẹlẹ́nu-Oyin ni èmi náà.

Ìyókù ṣojú yín. Mo dé, ẹsẹ̀ òsì mi dúdú, wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Àwọn kan nínú yín wá kí mi, wọ́n ní ọdẹ tòótọ́ ni mí, pé n kò ké nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ọgbẹ́. Mo lé wọn jáde. Ẹ mọ ìdí rẹ̀ wàyí.

Àwẹ̀ró dé ní ìjẹrin, ó wọ bàtà, ẹ sì fi í rẹ́rìn-ín pé ọmọ atẹpo wá di ẹni tí ń wọ bàtà nínú yàrá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń ta á bí ata, tí kò ní lè fi aṣọ bò wọ́n. Eku náà kò lọ, ó kàn ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni. Òun ló jókòó pẹ̀lú àwo funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí. Ìdí tí mo fi pè yín jọ nìyẹn, kì í ṣe kí ìtàn lè dùn.

Mo ti rí èèrà ní ẹ̀yìnkùlé ilé márùn-ún nínú ilé yín. N kò ní dárúkọ ilé kankan. Ẹni tó ni ín mọ ara rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹsẹ̀ yín le, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ṣì ń mọ ẹ̀gún. Ẹ mú ọwọ́ wá.

Bàbá Olú-ọdẹ, ẹ ṣé tí ẹ kọ́kọ́ dìde. Ẹ ń bi mí bóyá abẹ́rẹ́ náà yóò dùn yín. Ẹ gbàdúrà kí ó dùn yín.

Àwẹ̀ró, gún bàbá.